Bí Àdúgbò Ṣe Lè Jọ Gba Ọmọ Rẹ̀ Lọ́wọ́ Tramadol: Ìtọ́sọ́nà Láti Iléṣà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó ti ń kọ́ṣẹ́, ní Iléṣà níbí. Ó ń gbọ̀n, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti da epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n ti fi ṣíbí há eyín rẹ̀, ẹnìkan sì ń pariwo pé ayé ló ṣe é. Tramadol ni. Ó ti ń lò ó fún bí ọdún méjì. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ojú ọmọ náà kì í dá mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń gbé mì. Ẹni tó ń tà á fún un mọ iye tó ń rà. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé owó ń sọnù nínú ilé. Ó yè é, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ohun tó hàn sí mi lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi: oníkálukú ló mọ díẹ̀, kò sí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe.

Ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí ni bí àwa mélòó kan ṣe ń kó ìmọ̀ tó fọ́n káàkiri yẹn jọ sójú kan. Ẹ lè lò ó ní Ìsọ̀kun tàbí ní Òkèṣà, ẹ lè lò ó ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tàbí ní Ifẹ̀. Kò gba owó rẹpẹtẹ. Sùúrù ló gbà, àti ẹnu tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń bá jà

Oògùn ìrora ni tramadol. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà lọ́dún 1977, àwọn dókítà sì ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Òun, kódíìnì inú oògùn ikọ́, mọfíìnì, àti abẹ́rẹ́ pentazocine tí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ dáadáa, ìdílé kan náà ni wọ́n, ìdílé opioid. Wọ́n ń dín ìrora kù, wọ́n ń fi ara balẹ̀, wọ́n sì ń mú kí èémí falẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń pa ènìyàn. Tramadol tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó máa ń fa gìrì, kódà fún àgbàlagbà. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan sì ń sọ ọ́ di ohun tó le gan-an nínú ara ju bó ṣe ń rí lára àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ méjì fi lè gbé iye kan náà mì, tí ọ̀kan á máa rẹ́rìn-ín, tí èkejì á ṣubú.

Mílígíráàmù 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí páálí tí wọ́n kọ 200 tàbí 225 sí, ọjà fàyàwọ́ ni. Ti kódíìnì, oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkódíìnì àti kíkó o wọ ìlú. Síbẹ̀, ọjà kò tíì kú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wàhálà Òkè Ọya ni. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe nípa lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n gbé jáde gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 2018, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo irú oògùn ìrora yìí láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Bí a bá ka gbogbo oògùn olóró pọ̀, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa yìí ni iye àwọn tó ń lò ó ti ga jù, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn wo ló ń lò ó láàárín wa? Ọlọ́kadà tó ti wà lórí ọ̀kadà láti ìdájí. Àwọn ọmọ tó ń gbẹ́lẹ̀ wá góòlù kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ sùn. Ìyálé ilé tí ẹ̀yìn ń dùn láti ìgbà tó ti bímọ. Ọ̀pọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ nítorí fàájì, iṣẹ́ ló mú wọn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹyọ kan kò ràn mọ́, ó di méjì, ó di márùn-ún. Nígbà tó bá yá, kì í ṣe kí ara lè yá ló fi ń lò ó mọ́, kí ara má baà ro ó ni. Àwọn àgbà tó sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní *bárakú* mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn tó yẹ kó jókòó

Ẹ má pe ìpàdé ńlá. Ìpàdé tí a gbé gbohùngbohùn sí kì í gba ọmọ ẹnikẹ́ni là. Ẹni méje sí mẹ́sàn-án ti tó.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa ní kí ẹ wá ni oníkẹ́míìsì tí àdúgbò fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn láti fi í sípò ọ̀tá. Mo rò pé àṣìṣe gbáà ni, nítorí òun ló mọ ohun tí oníkálukú ń béèrè, tó sì mọ ìgbà tó yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé ti ìjọba tó wà nítòsí yín. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó ní ọmọ iṣẹ́, aṣojú àwọn ọlọ́kadà, ìyá kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí gáréèjì (ìyá olóúnjẹ mọ ẹni tí kì í lè jẹun mọ́), alága ẹgbẹ́ onílé, pásítọ̀ kan àti àlùfáà mùsùlùmí kan. Ẹ fi tó olóyè àdúgbò létí kí ó má baà dà bíi pé ẹ ń fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ní ìletò, Lọ́jà ni, ìyẹn olórí abúlé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Àga kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ lófo: ti ẹni tó ti lò ó rí tó sì ti kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ẹ wá a ní àdúgbò kejì. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ á wọ inú ọmọ tí ẹnu wa kò ràn.

Ọlọ́pàá àti NDLEA ńkọ́? Wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn, mo sì ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sí ìjókòó yìí. Lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá gbọ́ pé orúkọ òun ti dé tésàn, kò tún ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín rí ojú òun mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ fẹnu kò lórí òfin kan: orúkọ tí a bá dá níbí kò jáde níbí. Ẹ má kọ orúkọ sínú ìwé. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó bá rú òfin yìí, kó máa lọ, bó ti wù kó lówó tó.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì

Òfin kò fàyè gba oníkẹ́míìsì láti ta tramadol rárá. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni, ilé ìtajà oògùn tó ní apoògùn oyìnbó ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ tà á. Àmọ́ bí ẹ bá lọ fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á gbé e sẹ́yìn káńtà, wọ́n á máa tà á lóru.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ fún wa ni pé oníkẹ́míìsì tó wà láàárín wa ló lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́ wọn. Ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, owó tí à ń rí lórí ẹ̀ kò tó owó tí a ó fi sin ọmọ ara wa.” Wọ́n dákẹ́. Ohun mẹ́ta ló bẹ̀ wọ́n fún. Kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sì ta Rohypnol tàbí diazepam, àwọn oògùn oorun. Kí wọ́n má ta oògùn fún ọmọdé tí wọ́n rán, bó ti wù kó mọ orúkọ oògùn náà tó. Bí ẹnìkan bá wá rà á tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, kí wọ́n má lé e bí ajá, kí wọ́n sọ fún un pé ènìyàn kan wà tó lè bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Bí ìdajì bá gbà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń fi báàgì gbé e kiri gáréèjì. Ẹ má lọ bá a fúnra yín, ẹ má sì kó ọ̀dọ́ jọ lọ lù ú, nítorí ẹ̀mí á lọ sí i. NDLEA ni ẹ máa pè. Nọ́ńbà wọn ni 080010203040. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni, wọ́n sì ń gba ẹni tó fẹ́ ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú nímọ̀ràn lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ní ìbẹ̀rù kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé. Bí ariwo bá pọ̀ jù, àwọn tó wà nínú ìrora lóòótọ́ ló máa jìyà rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí eegun ń ro lóru, kì í ṣe ọ̀daràn. Bàbá tó ní jẹjẹrẹ kì í ṣe ọ̀daràn. Bí dókítà bá kọ oògùn fún wọn, kí wọ́n rà á pẹ̀lú iyì.

Bí a ṣe ń bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni mẹ́sàn-án ló máa lọ. Ẹni kan péré ni, ẹni tí ọmọ náà kò bẹ̀rù. Ẹ má lọ nígbà tí ojú rẹ̀ ti yí, ẹ má sì lọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyá olóúnjẹ ló ṣe é. Ó bu ìrẹsì fún un, ó jókòó tì í.

“Ọmọ mi, o ti rù.”

“Iṣẹ́ ni, mọ́mì.”

“Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mélòó lò ń lò lójúmọ́ báyìí?”

Ọmọ náà dákẹ́. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan, ó ń ti ẹran síwájú rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà ní, “Mẹ́fà, mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màámi.”

Ẹ wò ó, kò bi í pé “ṣé o ń lò ó?” Ìbéèrè yẹn, “rárá” ni ìdáhùn rẹ̀ láéláé. Kò pè é ní ọmọ burúkú. Kò tíì gbà á nímọ̀ràn rárá lọ́jọ́ náà. Ó kàn sọ fún un pé kó padà wá jẹun lọ́la. Ọjọ́ kẹrin ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó béèrè pé, “Ṣé ó ṣeé fi sílẹ̀?” Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀ ń dúró dè.

Bí ó bá ṣubú, tí èémí ń lọ

Abala yìí, ẹ kọ́ ọ títí ẹ ó fi lè ṣe é lójú oorun. Ẹ kọ́ àwọn ọlọ́kadà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pàápàá, torí àwọn ló máa wà níbẹ̀.

Àmì rẹ̀ nìyí: ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi oríkèé ọwọ́ ra àárín àyà rẹ̀ gidigidi, kò jí. Èémí rẹ̀ jìnnà síra, tàbí ó ń han-run lọ́nà tí kò bójú mu, bí ẹni tí omi há sí lọ́fun. Ètè àti èékánná rẹ̀ ti ń di àwọ̀ eérú. Ọmọlójú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Ẹ rán ẹnìkan kó wá ọkọ̀. Láàárín ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ yọ ohun tó bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Bí kò bá mí, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín àkókò gígùn ló ń mí, ẹ di imú rẹ̀ mú, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i títí àyà rẹ̀ á fi gbéra. Ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ máa kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, fẹ́. Ẹ má dúró. Bó bá ń mí fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ orúnkún rẹ̀ tó wà lókè síwájú kó má baà yí padà sẹ́yìn. Bó bá bì, èébì á jáde, kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ gìrì ló mú un, ẹ gbé ohun líle kúrò lágbègbè rẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ abẹ́ orí rẹ̀, ẹ má dì í mú, ẹ má ki ohunkóhun bọ eyín rẹ̀. Bó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Epo pupa, mílíìkì, omi iyọ̀, ata lójú: ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń lọ.

Ẹ mú páálí tàbí pákẹ́ẹ̀tì oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ òótọ́. Bó bá lo ọtí tàbí oògùn oorun mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́, torí àdàlù yẹn ló ń yára pani jù. Oògùn kan wà tó ń lé opioid kúrò níbi tó dì mọ́ nínú ọpọlọ, naloxone lorúkọ rẹ̀. Ó lè jí ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àbọ̀ ó lè ti tán, kí oògùn tó wà lára sì tún dá a kúnlẹ̀. Bó bá jí, ẹ má gbé e lọ sílé nítorí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yín ni kó lọ béèrè, kí wàhálà tó dé, ilé ìwòsàn wo nítòsí ló ní naloxone nílẹ̀ àti ní wákàtí wo.

Ìtọ́jú, àti ohun tí kì í ṣe ìtọ́jú

Tí ọmọ bá ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ má sọ pé kó dá a dúró lójijì nínú yàrá. Bí oògùn bá kúrò lára, láàárín ọjọ́ kan ni ìyà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ara ríro, ìgbẹ́ gbuuru, òógùn, àìsùn, ìbẹ̀rù. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló ń le jù, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló sì ń gbà kó tó rọlẹ̀. Kì í sábà pani fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo diazepam, Rohypnol tàbí ọtí líle mọ́ ọn lè ní gìrì tó ń pani bó bá dá àwọn yẹn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Aboyún kò gbọ̀dọ̀ dá a dúró lójijì rárá, oyún lè bàjẹ́. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ní Iléṣà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn Wesley Guild. Abẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà, wọ́n sì lè darí yín sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní Ifẹ̀. Ẹ ti ṣètò owó ọkọ̀ àti owó káàdì sílẹ̀. Àjọ kékeré ni tiwa, oníkálukú ń dá iye tó lè dá lóṣooṣù, ọwọ́ ìyá olóúnjẹ ló wà. Kí ẹnìkan nínú yín bá a lọ ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ó kéré tán, torí ojú ń tì wọ́n láti dá jókòó níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, bó tilẹ̀ ń dùn mí. Kí a tó mọ̀, ìdílé wa ti kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún àwọn tó ń lo oògùn. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n nà án. Nígbà tó jáde, kò lò ó fún ọjọ́ mẹ́jọ, a dúpẹ́, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé iye tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ mì. Ọjọ́ yẹn ló ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Ara tí ó ti sinmi kò lè gbé ẹrù àtijọ́ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa.

Àdúrà dára, mo ń gbà á. Pásítọ̀ àti àlùfáà tó wà láàárín wa ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí, wọ́n á sì bá wọn lọ rí dókítà. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni kò sí nínú àdúrà. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti fi hàn ní Arọ́, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, pé alárùn ọpọlọ lè gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa gba ìtọ́jú, kó sì máa ṣiṣẹ́. Aráyé wá kọ́ ọ lọ́wọ́ wa.

Ìpadàbọ̀ sílé: iṣẹ́ òṣómàáló

Àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde, irú ẹ̀mí wọn ni a nílò níbí. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọdún kan ni mo ní kí ẹ fi sí ọkàn fún bíbá a rìn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá délé, ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, kí ẹbí gbọ́: bí ó bá tún lò ó, iye àtijọ́ lè pa á. Èyí kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ẹ̀mí rẹ̀ ni à ń ṣọ́.

Ẹ pín ọjọ́. Ẹnìkan ní Ọjọ́ Ajé, ẹnìkan ní Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan ní Sátidé. Kì í ṣe ìwádìí, ẹ máa kí i, ẹ jọ jẹun, ẹ béèrè iṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an sì ni kókó. Ọ̀gá tó wà láàárín yín ni kó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà á padà, kí wọ́n má fi í ṣe ẹrú iṣẹ́ tó le jù lóṣù àkọ́kọ́, torí ìrora ẹ̀yìn ló mú un wọ inú rẹ̀ látilẹ̀. Bí ìrora bá wà, kí nọ́ọ̀sì wá oògùn ìrora mìíràn fún un.

Yóò tún lò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má pariwo, ẹ má sì lé e jáde. Ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí a bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ wá lójú pé Sátidé ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀gá ń fún wọn lówó, tí àwọn ọ̀rẹ́ sì ń dúró sí ìta ṣọ́ọ̀bù. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí ọ̀gá máa kó owó náà fún màámi rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí èmi sì wá mú un ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, gbogbo aago mẹ́rin Sátidé ni mo máa ń wà níwájú ṣọ́ọ̀bù.